Ọ̀rọ̀ Kan Tí Ń Jẹ́ Kọ́mọ̀nù

Ẹ̀yìn ìbejì ni wọ́n bí mi. Ẹni tó bá gbọ́ Yorùbá ti mọ orúkọ mi nìyẹn, mi ò sì ní í kọ ọ́ síbí, torí mi ò fẹ́ràn rẹ̀ rí. Àwọn ará àdúgbò wa ní Òkè-Sópẹ́n, ní Ìjẹ̀bú-Igbó, máa ń sọ pé owú wà nínú orúkọ náà gan-an, pé ọmọ tó bá ń jẹ́ ẹ kò lè ṣe kó má jowú. Nígbà tí mo wà ní kékeré, ọ̀rọ̀ yìí máa ń bí mi nínú débi pé màá lọ jókòó sẹ́yìn ilé títí tí wọn á fi wá mi débẹ̀. Ní báyìí tí mo ti dàgbà, tí mo sì mọ ohun tí mo ṣe, mo gbà pé wọn ò parọ́ mọ́ mi.

Ọdún méjì ni àwọn ìbejì fi jù mí lọ. Obìnrin ni àwọn méjèèjì. Ìyá Ìbejì ni gbogbo ayé ń pe ìyá wa. Kódà bí èmi nìkan bá tẹ̀ lé e lọ sọ́jà, tí àwọn ìbejì wà nílé tí wọ́n ń sùn, "Ìyá Ìbejì, ẹ kú ọmọ o" ni wọ́n á máa kí i látòkè délẹ̀, bí ẹni pé agbọ̀n ọjà ni mo jẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹni tó bá ra bàtà á ra méjì, ẹni tó bá ra bisikíìtì á ra méjì. Tí ojú rẹ̀ bá wá ṣèèṣì bọ́ sára mi, á ní, "Háà, ìwọ náà, a ó wá nǹkan fún ọ." Mo mọ "ìwọ náà" dáadáa. Ẹni tí wọn ò rántí ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀.

Ìyá wa a sì máa se ẹ̀wà fún wọn lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ìkòkò ńlá, wọ́n á pín in fún gbogbo ọmọ àdúgbò nítorí pé ìbejì fẹ́ràn ẹ̀wà. Èmi ni mo máa ń gbé abọ́ láti ojúlé dé ojúlé. Mo bi ìyá wa nígbà kan pé ọjọ́ wo la ó se tèmi. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní, "Ọmọ yèí, owú rẹ mà pọ̀ o," ó sì lọ sọ ọ́ fún àwọn obìnrin tó wà níta kí àwọn náà lè rí nǹkan rẹ́rìn-ín sí. Èmi ò rẹ́rìn-ín.

Kí n tó sọ bí ọ̀rọ̀ ṣe jẹ́, ẹ jẹ́ kí n sọ irú ilé tí mo ti jáde. Mùsùlùmí ni bàbá wa, pákó ló ń tà, ìsọ̀ rẹ̀ kò jìnnà sí ibi tí wọ́n ti ń la gẹdú. Baba tó bí bàbá rẹ̀ wà lára àwọn tó kọ́ mọ́sálásí àdúgbò wa, kò sì sí ọ̀sẹ̀ tí bàbá wa kì í sọ èyí létí ẹnì kan. Ọmọ Ogun Waterside ni ìyá wa. Inú ìjọ aláṣọ funfun ni wọ́n ti tọ́ ọ dàgbà ní Ìbíadé. Ó gba ẹ̀sìn ọkọ rẹ̀ nígbà tó wọlé ọkọ, ṣùgbọ́n ìyá tiẹ̀ ṣì wà nínú ìjọ náà, ọ̀dọ̀ ìyá àgbà yìí la sì ti máa ń lo ọlidé.

Ilé méjèèjì yìí kì í fẹnu kò lórí ohunkóhun. Ọ̀kan ń fa tẹ̀sùbáà, èkejì ń tan àbẹ́là. Ọ̀kan ní ọjọ́ Jímọ̀, èkejì ní ọjọ́ Àìkú. Ohun kan ṣoṣo tí wọ́n gbà fún ara wọn ni pé amọ̀ ni Ọlọ́run fi mọ ènìyàn àkọ́kọ́. Àfáà wa ní ilé-kéwú ní Ànábì Ádámọ̀, wòlíì ìyá àgbà ní Ádámù, ṣùgbọ́n amọ̀ kan náà ni. Nítorí náà, lójú tèmi, kò sí ohun tó dájú láyé yìí tó amọ̀ yẹn.

Ọmọ ọdún méjìlá ni mí, mo wà ní kíláàsì kẹta girama, nígbà tí Kọ́pà dé. Àgùnbánirọ̀ ni, ọ̀dọ́bìnrin láti òdìkejì odò Ọya, tí Yorùbá rẹ̀ kò kọjá "Ẹ káàárọ̀" àti "Ó tó." Kọ́pà ni gbogbo wa kàn ń pè é. Ó dá ẹgbẹ́ sáyẹ́ǹsì sílẹ̀, ó ní ọmọ kíláàsì yòówù tó bá wù ú lè wá, gbogbo Ọjọ́bọ̀ lẹ́yìn tí ilé ìwé bá ti jáde. Mo lọ lọ́jọ́ àkọ́kọ́ nítorí ìdí kan péré: Ọjọ́bọ̀ ni àwọn ìbejì máa ń lọ bá ìyá wa jókòó ní ìsọ̀ gààrí rẹ̀. Wọn ò ní í sí níbẹ̀. Ẹ ò mọ bí inú mi ṣe dùn tó láti wà níbi tí ẹnikẹ́ni ò ti bi mí pé àwọn ìbejì ńkọ́.

Kọ́pà fẹ́ràn mi. Kì í ṣe pé mo rò ó bẹ́ẹ̀ o, ó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́. "Onísáyẹ́ǹsì mi" ló ń pè mí lédè Òyìnbó. Ó yá mi ní ìwé kan tí èèpo ẹ̀yìn rẹ̀ ti já, ó ní kí n kà á kí n dá a padà. Àárín ìwé náà ni àwòrán yẹn wà: ọ̀bọ kan tó ń fi ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rìn, òmíràn níwájú rẹ̀ tó gbé àyà sókè díẹ̀, òmíràn tó nàró ju ìyẹn lọ, títí tó fi kan ọkùnrin kan tó dúró ṣánṣán. Ẹ̀rù bà mí. Inú báàgì ilé-kéwú mi ni mo fi ìwé náà pamọ́ sí, tí mo bá sì fẹ́ ṣí i, màá kọ́kọ́ ṣe bísímílà. Mo rò pé tí mo bá ṣe bísímílà kí n tó wo ọ̀bọ, Ọlọ́run á mọ̀ pé mi ò ní nǹkan búburú lọ́kàn.

Ẹ̀rù yẹn kò dí mi lọ́wọ́ láti tún un wò. Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́: ohun tó wù mí nínú àwòrán náà ni pé ẹni tó dé kẹ́yìn ló ga jù. Gbogbo àwọn tó ṣáájú rẹ̀ ló tẹ̀, òun nìkan ló nàró. Ẹni ìkẹyìn! Mo wò ó títí, mo fi ìka tọ ẹ̀yìn rẹ̀. Nígbà tí mo sọ èyí fún Kọ́pà, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní irú àwòrán bẹ́ẹ̀ máa ń ṣi ènìyàn lọ́nà, pé kò sí ẹni tó ga ju ẹnì kan níbẹ̀, pé ẹbí ni gbogbo wọn. Mi ò gba ìyẹn sétí. Ẹbí tí mo ní nílé ti tó mi.

Mo bi í nípa amọ̀ pẹ̀lú. Òun náà ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, mo máa ń rí i lọ́jọ́ Àìkú pẹ̀lú Bíbélì lábíyá. Ó ní, "Wọ́n ti sọ fún ọ pé Ọlọ́run fi amọ̀ mọ ènìyàn. Ṣé wọ́n sọ fún ọ bó ṣe pẹ́ tó kí ó tó po amọ̀ náà tán?" Mo gbé ọ̀rọ̀ yẹn délé, mo gbé e sùn, mo gbé e jí. Ó tó mi. Ọlọ́run ń po amọ̀ rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ọ̀bọ wà níbẹ̀, èmi náà wà níbẹ̀. Mi ò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni nílé, torí pé tèmi ni. Nínú ilé yẹn, òun ni ohun àkọ́kọ́ tó kàn mí tí wọn ò kọ́kọ́ pín sí méjì.

Nígbà tó yá, Kọ́pà sọ fún ẹgbẹ́ wa pé àbúrò òun kan ń kàwé ní yunifásítì ní Àgó-Ìwòyè. Ó ní yàrá kan wà níbẹ̀ tó kún fún egungun ẹranko, tí agbárí ọ̀bọ àti agbárí ènìyàn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn lórí tábìlì. Wọ́n ti gbà kí òun wá wò ó lọ́jọ́ Sátidé kan, òun sì lè mú akẹ́kọ̀ọ́ kan dání. Ẹyọ kan. Gbogbo ẹgbẹ́ yíjú wò mí. Lójú ẹsẹ̀ ni mo ti ń rí ara mi lórí ọ̀kadà, tí a ń gba Òrù kọjá, tí mo di aṣọ Kọ́pà mú lẹ́yìn. Mo fọ ìbọ̀sẹ̀ mi funfun kan ṣoṣo, mo ká a sábẹ́ ìrọ̀rí, mi ò wọ̀ ọ́ mọ́.

Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni ẹsẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dun ìyá àgbà. Ìyá wa ti ìsọ̀ rẹ̀, ó lọ tọ́jú rẹ̀ ní Ìbíadé. Lọ́jọ́bọ̀, mo gbójú sókè nínú kíláàsì, mo rí àwọn ìbejì lẹ́nu ilẹ̀kùn. Wọ́n ní ìsọ̀ ti wà ní títì, kò sí nǹkan tí àwọn fẹ́ lọ ṣe nílé, wọ́n sì lọ jókòó sẹ́yìn. Kọ́pà pàtẹ́wọ́ nígbà tó rí i pé ìbejì ni wọ́n. Wọn ò tí ì la ẹnu o, ó ti ń pàtẹ́wọ́.

Ọ̀rọ̀ méjì ló kọ sójú pátákó lọ́jọ́ náà: kọ́mọ̀nù áńsẹ́sítọ̀. Ó ṣàlàyé pé kò sẹ́ni tó sọ pé ọ̀bọ bí ènìyàn. Ohun tí àwọn tó wádìí rẹ̀ ń sọ ni pé ọ̀bọ àti ènìyàn ní baba ńlá kan náà láyé àtijọ́-tijọ́, kí oníkálukú tó yà sí ọ̀nà tirẹ̀. Ó wá ní kí a ṣọ́ra fún kọ́mọ̀nù yẹn, torí òun ti gbọ́ bí a ṣe ń lò ó ní Ìjẹ̀bú-Igbó. Òótọ́ ló sọ. Bí a bá fẹ́ fi ẹnì kan ṣe yẹ̀yẹ́, a ní "kọ́mọ̀nù bírò, o ò lè yá mi," ìyẹn ni pé bírò lásánlàsàn, nǹkan tí kò níyì. Kọ́pà ní kọ́mọ̀nù tibí yìí kì í ṣe ìyẹn, pé ohun tí ẹni méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ jọ ní ni. Mo kọ ọ́ sínú ìwé mi pẹ̀lú ọwọ́ ara mi: kọ́mọ̀nù, àjọní. Mo fi rúlà fa ìlà sábẹ́ rẹ̀.

"Ṣé ẹ ní ọ̀rọ̀ kan lédè yín tó pa ọ̀bọ àti ènìyàn pọ̀ báyìí?" ni Kọ́pà bèèrè.

Mo ti nawọ́ kí n tó ronú. Nígbà tó pè mí, mo dìde. Mo ń ka ọ̀rọ̀ méjèèjì lójú pátákó, àjọní nìkan ló ń wá sọ́kàn mi, kò sì sí ọ̀bọ nínú rẹ̀. Ẹ̀yìn ni mo ti gbọ́ ohùn èyí tó jẹ́ àgbà nínú àwọn ìbejì, ìyẹn èyí tó jáde kẹ́yìn.

"Ẹdúnjọbí, mà."

Ó dìde, ó ṣàlàyé pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ó ní bí wọ́n ṣe ń ki àwọn ìbejì nìyẹn, pé ẹdun ni ọ̀bọ inú igbó tí irun rẹ̀ dúdú tó tún funfun, pé ẹbí ni ìbejì àti ẹdun, ìdí nìyẹn tí ìyá àwọn kì í jẹ́ kí àwọn fẹnu kan ẹran ọ̀bọ. "Jọbí," ó wí, "ìyẹn ni pé wọ́n jọ bí wọn. Kọ́mọ̀nù náà nìyẹn, mà."

Ṣọ́ọ̀kì fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lọ́wọ́ Kọ́pà. Ó ní kí ó tún un pè, ó tún un pè, òun náà pè é tẹ̀ lé e lẹ́ẹ̀mẹta, ó sì kọ ọ́ sójú pátákó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Òyìnbó. Ó ní àwọn baba wa ti ń sọ ọ́ kí àwọn tó kọ ìwé tó mọ̀ ọ́n. Gbogbo kíláàsì pàtẹ́wọ́. Èmi ṣì wà lórí ìdúró, torí Kọ́pà gbàgbé láti ní kí n jókòó.

Owú jẹ mí lọ́jọ́ náà. Mo ka ìwé yẹn lẹ́ẹ̀mẹta! Mo ṣe bísímílà sí ọ̀bọ ní àìmọye ìgbà! Àwọn wọ̀nyí, oríkì tí wọ́n fún wọn lọ́fẹ̀ẹ́ lọ́jọ́ tí wọ́n bí wọn ni wọ́n mú wá, wọn ò kà á níbì kankan. Ọ̀bọ pàápàá, tí mo rò pé ó jẹ́ tèmi, tiwọn ni láti ilẹ̀ wá. Nígbà tí ẹgbẹ́ parí, Kọ́pà ní kí àwọn méjèèjì dúró díẹ̀. Mo gba ojú fèrèsé wò wọ́n. Ó ń sọ̀rọ̀, wọ́n ń mi orí, wọ́n wo ara wọn, ó rẹ́rìn-ín, ó fọwọ́ kàn wọ́n léjìká. Lẹ́yìn náà ló kọ nǹkan sínú ìwé pélébé kan, ó ká a, ó fi lé àgbà lọ́wọ́. Mo mọ ohun tí ìwé yẹn jẹ́. Ìwé ìyọ̀ǹda tí wọ́n ń kọ sí òbí ni, ẹni tí Kọ́pà fẹ́ mú lọ sí Àgó-Ìwòyè ló sì ń kọ ọ́ fún.

Mi ò dúró dè wọ́n. Mo sáré délé ṣáájú wọn.

Bàbá wa ti dé láti ìsọ̀. Ó ti kírun alásárì tán, ó jókòó sórí bẹ́ńṣì níwájú ilé, tẹ̀sùbáà wà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo kúnlẹ̀, mo kí i, mi ò sì dìde.

"Kí rè é?" ó bi mí.

"Bàámi, wọ́n ní ẹbí ẹdun ni wá níléèwé."

Ó rẹ́rìn-ín. Òun náà ló ń fi ẹdúnjọbí jí àwọn ọmọ rẹ̀ láràárọ̀, kí ló fẹ́ fi ìyẹn bínú sí? Mo rí i pé èyí kò mú un. Mo wá mú èkejì jáde.

"Wọ́n tún ní baba ńlá wa jẹ́ kọ́mọ̀nù."

Tẹ̀sùbáà dúró. Ẹ ní láti mọ̀ pé kò sí ọ̀rọ̀ tí bàbá wa kórìíra tó èyí. Oníbàárà tó bá fẹ́ ná an ní ìnákúnàá á fi ẹsẹ̀ ti pákó rẹ̀, á ní, "Kọ́mọ̀nù pákó yìí náà?" Bàbá wa ti lé ju ẹnì kan lọ kúrò ní ìsọ̀ nítorí ẹ̀.

"Ta ní sọ ọ̀rọ̀ yèí?"

"Kọ́pà ni, sà. Ó kọ ọ́ sójú pátákó. Àwọn ẹ̀gbọ́n mi sì bá a gbè é."

"Baba ńlá mi? Tó kọ́ mọ́sálásí? Kọ́mọ̀nù?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

Báàgì mi ṣì wà léjìká mi. Ìwé tí mo fi rúlà fa ìlà sí wà nínú rẹ̀. Kí n kàn ṣí i ni, kí n ní, Bàámi, àjọní ló túmọ̀ sí, kì í ṣe èébú. Mo mọ̀ ọ́n. Mi ò ṣí i. Inú mi tutù lẹ́ẹ̀kan náà, bí ẹni tó bọ́ bàtà tó há a lẹ́sẹ̀ láti àárọ̀.

Nígbà tí àwọn ìbejì yọ lọ́ọ̀ọ́kán, bàbá wa ti dìde dúró. Ó pariwo mọ́ wọn kí wọ́n tó kí i tán. Ó ní àwọn ni wọ́n jókòó tí àlejò ń bú baba àwọn, tí wọ́n tún ń bá a túmọ̀ èébú náà. Wọ́n fẹ́ sọ̀rọ̀, kò jẹ́ kí wọ́n sọ ọ́. Mo rí i tí àgbà fi ọwọ́ sínú báàgì rẹ̀, tó sì yọ ọ́ jáde lófìfo.

Ọjọ́ kejì jẹ́ Jímọ̀. Bàbá wa wọ aṣọ funfun tó fẹ́ wọ̀ lọ sí mọ́sálásí, ilé ìwé ló sì kọ́kọ́ gbà lọ. A wà ní kíláàsì, a ń gbọ́ ohùn rẹ̀ láti ọ́fíìsì ọ̀gá àgbà. Kọ́pà gbìyànjú láti ṣàlàyé, ṣùgbọ́n Yorùbá tiẹ̀ kò tó, Òyìnbó bàbá wa náà kò tó. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí àwọn méjèèjì jọ gbọ́ ni kọ́mọ̀nù, ìyẹn gan-an sì ni wọn ò gbọ́ bákan náà. Ọ̀gá àgbà kò fẹ́ wàhálà pẹ̀lú àwọn ará mọ́sálásí. Ó tú ẹgbẹ́ sáyẹ́ǹsì ká, ó ní kí Kọ́pà máa lọ kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì kìíní ní ìṣirò.

"Dede ọmọ mi," bàbá wa wí nígbà tó délé, "ẹnì kan é è gbọdọ̀ ṣe sáyẹ́ǹsì mọ́." Dede, gbogbo wa pátá nìyẹn. Méjì ni mo ti fọkàn sí. Bàbá wa ka mẹ́ta.

Èyí tó kọ́kọ́ jáde nínú àwọn ìbejì ti ń pe ara rẹ̀ ní nọ́ọ̀sì láti ọmọ ọdún mẹ́fà. Wọ́n yọ òun àti èkejì rẹ̀ kúrò ní kíláàsì sáyẹ́ǹsì ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Ó sunkún, èkejì rẹ̀ sì jókòó tì í, ó ń nu ojú rẹ̀ fún un. Mo wò wọ́n láti ẹnu ọ̀nà. Ẹ gbà mí gbọ́, mo tún jowú. Èmi náà pàdánù, kò sì sí ẹni tó fẹ́ nu ojú mi, torí kò sẹ́ni tó mọ̀ pé mo ní nǹkan kan láti pàdánù.

Mo dá ìwé Kọ́pà padà. Ó gbà á, ó wò mí, ó ní, "Onísáyẹ́ǹsì mi, má bínú." Òun ló ń bẹ̀ mí o! Ó rò pé òun ló ba nǹkan jẹ́ fún mi. Ó parí ọdún rẹ̀ láàárín wa, ó padà sílé wọn, mi ò sì tún gbúròó rẹ̀ mọ́.

Nígbà tó yá mo dé Àgó-Ìwòyè lóòótọ́. Yunifásítì yẹn gan-an ni mo lọ, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ nípa òwò ṣíṣe ni mo kọ́. Odindi ọdún mẹ́rin ni mo fi ń gba iwájú ilé tí àwọn egungun náà wà kọjá. Ilẹ̀kùn rẹ̀ máa ń wà ní ṣíṣí. Mi ò wọ ibẹ̀ rí.

Ọdún tó kọjá, gbogbo wa pé sílé fún Iléyá. Bàbá wa ti darúgbó, ó ti fi ìsọ̀ pákó sílẹ̀, ṣùgbọ́n kò fi ìtàn Kọ́pà sílẹ̀. Ọdọọdún ló máa ń sọ bí òun ṣe wọ aṣọ funfun lọ gba baba òun sílẹ̀ lẹ́nu "Ìyáàfin Kọ́mọ̀nù." Gbogbo ilé á rẹ́rìn-ín. Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà lẹ́yìn ilé, à ń gé ẹran àgbò, a ń gbọ́ ohùn rẹ̀ níwájú, nígbà tí àgbà nínú àwọn ìbejì kàn ṣàdédé sọ pé, "Ṣé o mọ̀ pé ìwọ ló ni ìwé yẹn?"

"Ìwé wo?"

"Èyí tí Kọ́pà kọ sí Bàámi. Ó kọ́kọ́ ní kí ọ̀kan nínú wa bá òun lọ. Mo ní mé è lọ kí n fi èkejì mi sílẹ̀, òun náà ní òun é è lọ kí òun fi mí sílẹ̀. A ní kí ó mú ẹ, ìwọ lo fẹ́ràn nǹkan yẹn. Orúkọ rẹ ló kọ síbẹ̀. Ó wà nínú báàgì mi nígbà tí Bàámi ń pariwo."

Ọ̀bẹ dúró lọ́wọ́ mi. Mo bi wọ́n pé kí ló dé tí wọn ò sọ ọ́ láti ọjọ́ yìí.

"Kí la fẹ́ sọ?" ni èyí tó kọ́kọ́ jáde dáhùn. Ọwọ́ rẹ̀ kò dúró lára ẹran. "O ti sọ tìẹ kí a tó délé. A sì wo ìwé rẹ lọ́jọ́ kejì, a fẹ́ da nóòtì kọ. Àjọní. Pẹ̀lú rúlà."

Wọ́n mọ̀. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti mọ̀, tí wọ́n ń jẹun pẹ̀lú mi, tí wọ́n ń bá mi ra aṣọ, tí nọ́ọ̀sì tí kò di nọ́ọ̀sì ń pè mí lórí fóònù láti bi mí bóyá ara mi yá. Ẹ máa retí kí n sọ pé ojú tì mí. Ojú tì mí. Ṣùgbọ́n kí ìtìjú tó dé, owú ti kọ́kọ́ dé. Àjẹkù wọn ni! Àgó-Ìwòyè tí mo fi ìbọ̀sẹ̀ pamọ́ dè, àwọn ni wọ́n fi sílẹ̀ fún mi. Àṣírí tí mo rò pé èmi nìkan ni mo ní, àwọn méjèèjì ti jọ ní in, wọ́n ti jọ pa á mọ́, èmi nìkan ni mi ò mọ̀.

A gbé oúnjẹ lọ síwájú. A kò tí ì jókòó tán tí ọmọ obìnrin èyí tó kọ́kọ́ jáde fi mú ìwé ilé ìwé rẹ̀ wá bá mi. Wọ́n fún un ní iṣẹ́ àṣetiléwá, kò sì yé e.

"Àǹtí, kí ni kọ́mọ̀nù áńsẹ́sítọ̀?"

Bàbá wa pariwo ẹ̀rín. "Wọ́n tún ti dé! Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́!"

"Ṣé lásánlàsàn ló túmọ̀ sí?" ọmọ náà tún bi mí.

Mo gba ìwé lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ méjèèjì wà níbẹ̀ bí mo ṣe mọ̀ wọ́n. "Rárá," mo wí. "Àjọní ni. Ohun tí àwọn ènìyàn jọ ní, láìsí pé ẹnì kan ni ín ju ẹnì kan lọ."

Bàbá wa gbé ẹran tó mú padà sínú abọ́. "Àjọní?" Ó tún un sọ, ó ń tọ́ ọ wò. "É è ṣe èébú?"

"Kì í ṣe èébú, sà."

Ó wò mí. Mo rí i tó ń fi ọkàn padà sí orí bẹ́ńṣì ọjọ́ yẹn, tó ń rí ọmọ tó kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀ pẹ̀lú báàgì léjìká.

"Ìgbà wo," ó wí, "lo ti mọ̀ ọ́n?"

Kí n tó la ẹnu, àwọn ìbejì ti dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe. "Dede wa la jọ mọ̀ ọ́n, Bàámi."

Inú bí mi. Wọ́n ti gba ẹ̀wà, wọ́n ti gba bàtà, wọ́n ti gba ọ̀bọ. Ẹ̀ṣẹ̀ mi náà ni wọ́n tún fẹ́ bá mi pín.

"Irọ́ ni," mo wí, mo sì kúnlẹ̀. "Èmi nìkan ni, Bàámi. Tèmi ni."